Ayò Oyè Tí Gàfárù Fi Wá Ìyàwó

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni Gàfárù ń ṣe l'Ọ̀rányàn: kálẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ìkéde òkú. Iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ ni. Àfìgbà tí àwọn ọmọ Bódìjà kan, tí wọ́n máa ń kóra jọ lọ́jọ́ Sátidé láti ta eré orí pátákó bí ẹni tí kò níṣẹ́, gbé eré tuntun wá fún un pé kó bá àwọn tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ tán, ló bá ní òun náà á ṣe tòun. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Eré oyè ló ṣe. Ó ya àkàbà sórí pátákó, Mógàjí nísàlẹ̀, ọba lókè, ó wá ṣe káàdì tí àwọn tó ń ta á yóò máa fà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé n'Ìbàdàn, a kì í fo ẹnikẹ́ni lórí oyè. Ẹni iwájú ni yóò kọ́kọ́ lọ kí tẹ̀yìn tó sún sókè. Gàfárù mọ̀ ọ́n dáadáa, ìmọ̀ yẹn náà ló kó bá a.

Karimat, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ló fẹ́ fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, Olóyè Àkíbù, kò sì tíì fún un lésì. Dípò kí Gàfárù kó àgbà ẹbí rẹ̀ lẹ́yìn, páálí eré ló gbé wá sílé wa l'Árẹ̀mọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí wọ́n lè rí i pé ọlọ́gbọ́n ni àna àwọn. Ọlọ́gbọ́n! Olóyè Nojeem ló wà ní pálọ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn gan-an ló sì wà níwájú ẹ̀gbọ́n mi lórí oyè. Oyè gidi o, kì í ṣe ti páálí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré. Ẹ̀gbọ́n mi fa káàdì, wọn ò mú awò ojú wọn, wọ́n nà án sí mi. Mo kà á sókè kí n tó ronú: "Ẹni tó wà níwájú rẹ ti papòdà. Bọ́ sí ipò rẹ̀."

Olóyè Nojeem wo ẹ̀gbọ́n mi.

"Àkíbù, ṣé ìwọ lo rán ọmọ yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ẹ̀mí yín á gùn." Òógùn bò wọ́n. Wọ́n yíjú sí Gàfárù: "Gbé ẹrù ẹ jáde nílé mi."

Òmùgọ̀ yẹn ṣì ń ṣàlàyé. "Ẹ má bínú, sà. Bó ṣe rí náà nìyẹn."

Ta ni kò mọ bó ṣe rí? Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn.

Karimat sunkún, kò jẹun. Gàfárù padà wá, ó dáná sun àwọn káàdì náà lójúde wa, ó tẹ òmíràn: "Ẹni tó wà níwájú rẹ ń ṣe ọjọ́ ìbí. Kí i, kí o sì dúró." Gbogbo káàdì, dúró. Ẹnikẹ́ni ò gòkè, ẹnikẹ́ni ò jẹ ayò. Olóyè Nojeem ta á, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní eré ọmọlúàbí nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi fún Gàfárù ní Karimat. Àwọn ọmọ Bódìjà ní àwọn ò ra eré tí kì í parí, páálí rẹ̀ sì kún ṣọ́ọ̀bù títí dòní.

Láìpẹ́ yìí, mo ń gbọn awọ àgbò tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń kírun. Káàdì kan tí kò bá àwọn yòókù jóná jábọ́ lábẹ́ rẹ̀. Mo ti mọ èyí tó jẹ́ kí n tó yí i padà. Mo dá a padà síbi tó wà, mo tẹ́ awọ lé e.