Kíndìnrín Mọrẹ́nikẹ́ Nílé Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ọjọ́ tí mo ka èsì ẹ̀jẹ̀ Tíṣà Olúṣẹ́gun, àyà mi já pàà. Ní ilé ìwòsàn wa ní Kàbà, èmi ni nọ́ọ̀sì tí ń tọ́jú àwọn tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, mo sì mọ ìwé èsì Tíṣà bí mo ṣe mọ ilé mi. Nǹkan kan wà tí à ń pè ní kíríátínì. Ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ ni, kíndìnrín ló sì máa ń gbá a dànù. Tó bá ti ń pọ̀, a jẹ́ pé ó ti ń rẹ agbálẹ̀. Ti Tíṣà ti fò sókè.

Kíndìnrín tí mò ń wí yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n bí mọ́ ọn. Ní ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú ìgbà náà, tirẹ̀ méjèèjì kọṣẹ́ sílẹ̀. Mọrẹ́nikẹ́, àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ń ṣe gàrí ní Ìyàrà, ló ní kí wọ́n yọ ọ̀kan nínú tòun fún un, ilé ìwòsàn ńlá kan tó jìnnà sì ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Kẹ́ ẹ wá gbọ́ ẹnu Mọrẹ́nikẹ́! Bí èèyàn ṣe ń fi ọmọ ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ìbátan pé kó máa bá wọn gbé, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló mú ọ̀rọ̀ náà. Tó bá ti sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, kò tíì jókòó tí yóò ti kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni ní ilẹ̀ wa pé, "Òkun o, Àǹtí! Ọmọ mi ńkọ́? Ṣé ó ń gbọ́ràn?"

Èmi náà á ní, "Ó ń gbọ́ràn. Iṣẹ́ tó ń ṣe ju ti bọ̀ọ̀dá rẹ lọ."

A ó bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, kò sẹ́rìn-ín rárá. Tíṣà jókòó síwájú mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, Mọrẹ́nikẹ́ tó sin ín wá sì dúró lẹ́yìn mi. Mo gbé ohùn sókè níwájú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀.

"Tíṣà, àgbo lẹ mu! Ẹ má purọ́ fún mi."

"Nọ́ọ̀sì, mi ò fẹnu kan àgbo."

"A jẹ́ pé ẹ ò lo oògùn yín nìyẹn."

"Mi ò fo ọjọ́ kan, Ọlọ́run gbọ́."

Mi ò gbà á gbọ́. Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí kíndìnrín yìí bá kú, níbo la ti fẹ́ rí òmíràn? Mọrẹ́nikẹ́ nìkan ni ọmọ ìyá rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì kù lára òun náà.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí Mátírọ́ọ̀nù tó kọ́ mi níṣẹ́. Obìnrin Ìsánlú ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n tó bá wò ọ́ lásán, wàá tún ibùsùn tí o ti tẹ́ tẹ́. Ohun tó sọ fún mi lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí: "Má bi aláìsàn léèrè ohun tó ń lò. Ní kó gbé e wá kó tú u sórí tábìlì. Ẹnu lè gbàgbé, àpò kì í gbàgbé."

Mo ní kí Tíṣà tú báàgì rẹ̀. Mo ka páálí òfìfo, mo ka hóró tó kù, gbogbo rẹ̀ pé gẹ́lẹ́. Ojú tì mí wẹ̀lẹ̀mù. Mo fẹ́ máa bẹ̀ ẹ́ ni Mọrẹ́nikẹ́ bá húkọ́ lẹ́yìn mi.

Ikọ́ yẹn! Ó ti tó oṣù méjì tó ti ń bá a fà á. Egbò ẹnu ti mú un lẹ́ẹ̀mejì, èmi fúnra mi ni mo fún un lóògùn, mi ò sì fi ọkàn sí i. Mo yíjú sí i.

"Mọrẹ́nikẹ́, ìwọ náà, kí lò ń lò?"

"Oògùn ikọ́ tẹ́ ẹ fún mi náà ni."

"Tú u."

Ó tú kókó etí ìró rẹ̀. Oògùn ikọ́ jáde. Lẹ́yìn rẹ̀, hóró mẹ́rin nínú oògùn Tíṣà jáde.

"Yéè! Ta ló fún ọ nìyí?"

Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wolẹ̀. Tíṣà tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò ló wá dáhùn.

"Nọ́ọ̀sì, ikùn kan náà ni kíndìnrín méjèèjì ti wá. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ń dun Mọrẹ́nikẹ́. Mo ní ṣé èmi á wá máa bọ́ èyí tó fún mi, kí n fi ebi pa èkejì rẹ̀ tó kù sílé? La bá ń pín in. Tàárọ̀ tèmi, talẹ́ tirẹ̀."

Mo fẹ́ bínú, inú ò bí mi mọ́. Níbo lẹ ti rí irú ìfẹ́ báyìí rí? Nílẹ̀ wa, bó ṣe ẹran kan ló kù nínú ọbẹ̀, ẹ̀gbọ́n á gé e sí méjì fún àbúrò. Èmi ni mo jẹ̀bi. Fún odidi ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń sọ fún wọn pé kí Tíṣà lo oògùn, mi ò sọ ohun tí oògùn náà ń ṣe.

Mo fa àga sún mọ́ wọn. "Mọrẹ́nikẹ́, bí ọmọ àlejò bá dé ilé tí ajá wà, kí la máa ń ṣe?"

"A ó so ajá mọ́lẹ̀."

"Ó dáa. Ọmọ rẹ ni àlejò nílé bọ̀ọ̀dá rẹ. Ara bọ̀ọ̀dá rẹ ní ajá tó ń ṣọ́ ọ, ajá náà ò mọ ọmọ yẹn, kò sì ní mọ̀ ọ́n láéláé. Oògùn yìí ni okùn tá a fi so ó. Kò gbọdọ̀ tú láàárọ̀, kò gbọdọ̀ tú lálẹ́. Ilé tìrẹ wá ńkọ́? Ajá tìrẹ mọ èyí tó kù síbẹ̀, ojú kan náà ni wọ́n jọ dàgbà sí. O wá lọ so ajá ilé ara rẹ, olè wá ń wọlé. Ikọ́ wọlé, egbò ẹnu wọlé."

Mọrẹ́nikẹ́ káwọ́ lérí. "Ẹ gbà mí o! A fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ ara wa pa ọmọ!" Tíṣà ń sunkún.

Lọ́jọ́ náà ni mo pe dókítà wọn ní Àbújá, tí ọkọ̀ ilé ìwòsàn wa gbé Tíṣà lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni oúnjẹ ò fi dùn lẹ́nu mi. Nígbà tí èsì tuntun dé, tí kíríátínì ti wálẹ̀, ariwo tí mo pa lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú kí àwọn èèyàn rò pé ẹnì kan ti bí ìbejì! Ikọ́ Mọrẹ́nikẹ́ náà sì fò lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí aláìsàn kíndìnrín tó gba oògùn lọ́wọ́ mi tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ajá. Ní ti Mọrẹ́nikẹ́, kò jókòó rí lọ́fíìsì mi láìkọ́kọ́ tú etí ìró rẹ̀. Obì lè wà níbẹ̀, tàbí ẹ̀gúsí díẹ̀. Á ní, "Ẹ wò ó, Àǹtí, kò sí okùn ajá níbẹ̀."

Ọdún mẹ́jọ ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ibi tí àwọn ọ̀gá ti ń sọ̀rọ̀ ìdágbére ni mo ti yọ́ jáde lọ sí yàrá àyẹ̀wò, torí ẹ̀jẹ̀ Tíṣà ni ẹ̀jẹ̀ ìkẹyìn tí mo fà lẹ́nu iṣẹ́. Mo wo èsì náà lẹ́ẹ̀mẹta. Kò yingin! Mo sáré jáde bá àwọn méjèèjì lórí bẹ́ǹṣì, bí mo ṣe dàgbà tó yìí.

Mọrẹ́nikẹ́ ti tú etí ìró rẹ̀ sílẹ̀ dè mí. "Àǹtí, ọmọ mi ńkọ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀!"

Ó na ọwọ́, ó fi kan ikùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n fi í sí, jẹ́jẹ́.

"Ọdún mẹ́tàdínlógún," ó ní, "ọmọ mi ò sá wálé rí."