Ọjọ́ Tí Màmá Mi Da Omi Ewúro Nù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fà mọ́ra, ẹ wá bá mi yọ̀! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń tẹ̀ lé mi tipẹ́ mọ̀ pé mo ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní, èyí tó jẹ́ pé láìsí abẹ́rẹ́ ínsúlínì lójoojúmọ́, kò sí èmi.

Mo ríṣẹ́ tíṣà, wọ́n gbé mi lọ sí Ìmẹ̀kọ. Màmá mi tá a jọ ń gbé ní Ayétòrò fárígá, wọ́n ní ibi kankan ò sí tí mò ń lọ. Ta ni yóò rí mi tí n bá ṣubú sí yàrá? Wọn ò kúkú parọ́, mo ti dákú rí níṣojú wọn.

Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń fún mi tí ara mi bá ń gbọ̀n, tí mò ń làágùn? Omi ewúro! Nílé wa, ohun tó bá korò ló ń lé ṣúgà. Tí n bá fọwọ́ kan mínírà pẹ́nrẹ́n, wọn á gbà á. Ìfẹ́ ni o, ẹ má bú wọn.

Nígbà tí mo gbọ́ pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà ní Ìlaròó fún àwa àgbàlagbà tó ń gún ínsúlínì, mo forúkọ sílẹ̀. Màmá ní àwọn náà ń bọ̀. Ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti ní rárá?

Níbẹ̀, nọ́ọ̀sì bi wá pé tí ara ẹni tó gún ínsúlínì bá ń gbọ̀n, kí la máa ṣe? Màmá mi ló kọ́kọ́ nawọ́. Wọ́n ṣàlàyé ewúro, bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́, bí wọ́n ṣe ń fún un, gbogbo ẹ̀ pátá! Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣúgà ara ti já wálẹ̀ jù nígbà yẹn, ṣúgà gan-an lara ń wá. Kéèyàn yára mu omi ṣúgà tàbí mínírà, kó tún gún ìka, kó fi ẹ̀rọ wo iye ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn náà. Tó bá ti dákú, ẹ má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni.

A padà délé, Màmá jókòó tì mí. Wọ́n wá ní, "Àṣé mò ń pa ọ́ lọ, mo rò pé mò ń wò ọ́ sàn." Omi bọ́ lójú mi. Mo ní ohun tá a mọ̀ là ń ṣe.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, a lọ hú ẹ̀gẹ́ lóko. Iṣẹ́ pọ̀, oúnjẹ àárọ̀ mi ò tó, ni ara mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àbúrò bàbá mi, Àǹtí tó wá kí wa láti Ìlárá, sáré já ewúro, wọ́n fún un sínú abọ́, wọ́n ń gbé e bọ̀ lẹ́nu mi.

Màmá mi gba abọ́ náà, wọ́n dà á nù! Wọ́n ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣúgà lọmọ mi ń fẹ́."

Wọ́n tú etí ìró wọn tí wọ́n máa ń so owó sí. Ṣúgà oníhóró ló wà níbẹ̀! Látọjọ́ tá a ti Ìlaròó dé ni wọ́n ti ń gbé e kiri, mi ò mọ̀. Mo jẹ ẹ́, ara mi balẹ̀, a gún ìka wò, ṣúgà ti gòkè. Màmá wojú mi, wọ́n ní ọjọ́ wo gan-an ni mò ń kó ẹrù lọ sí Ìmẹ̀kọ.

Ìmẹ̀kọ ni mo ti ń kọ eléyìí sí yín o! Gbogbo tíṣà ilé ìwé wa ló mọbi tí ṣúgà mi wà.

Ẹ̀kọ́ tèmi rèé: tẹ́ ẹ bá ń lọ kọ́ nípa àìsàn yín, ẹ mú ẹni tó ń tọ́jú yín dání. Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni wọ́n ń fún yín nílé tí ara yín bá ń gbọ̀n? Ẹ sọ fún wa nísàlẹ̀. Ewúro Màmá mi ti padà sínú ọbẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń dùn jù.