Bàálù Mẹ́ta ni Ìyá Òkìkí Sanwó Fún

Ní Ọ̀kà Àkókó, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí olóògbé Lucy Dáramọ́lá, Ìyá Òkìkí, ṣe ní pápákọ̀ òfurufú Èkó. Ó ń lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù lọ́dọ̀ àkọ́bí rẹ̀, tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọmọbìnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò rẹ́rìn-ín sí i.

"Mà, bàálù tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀ ti kún. Àmọ́ oríire ni fún yín o. A ti fi yín sí ti ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń lọ tààrà. Wákàtí mẹ́fà péré, ẹ ti dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù."

Ẹlòmíràn ìbá jó. Ìyá Òkìkí gbé báàgì rẹ̀ lé orí káńtà.

"Bàálù mélòó nìyẹn?"

"Ẹyọ kan, mà."

"Mẹ́ta ni mo sanwó fún. Méjì tó kù dà?"

"Mà, ẹ máa tètè dé ni!"

"Ta ló sọ fún ọ pé mò ń kánjú? Ọmọ ti bọ́ sílẹ̀ ná. Fún mi ní bàálù mi."

Ọkọ rẹ̀, Joseph, Bàbá Òkìkí, dúró sẹ́yìn ẹrù, ó fi fìlà bojú. Ó ń gbàdúrà kí ará Ọ̀kà kankan má sí lórí ìlà. Díákónì ìjọ wọn ló wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Wọ́n fún ìyàwó rẹ̀ ní bàálù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n kí èyí àkọ́kọ́ tó balẹ̀, ìtàn náà ti dé Ọ̀kà.

Ohun tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ kò pani lẹ́rìn-ín. Ní ọdún tó ṣáájú, lóṣù Kejìlá, oyún bàjẹ́ lára Fúnminíyì, àbígbẹ̀yìn wọn tó wà ní Kánádà. Ìyá rẹ̀ fẹ́ gbéra lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn tó ń lọ ṣọdún Kérésì ti kún inú gbogbo bàálù. Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá ló tó ríbi jókòó. Nígbà tó débẹ̀, Fúnminíyì ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ojú rẹ̀ gbẹ táútáú. "Màmá, ẹ ò bá má ti da ara yín láàmú," ló sọ. Ìyá Òkìkí padà wálé, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Òkìkí, mi ò tún ní pẹ́ dé mọ́ láyé mi."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù Hámzàt tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Jubilee, n'Íkàrẹ́. Hámzàt ṣàlàyé pé bí èèyàn bá ń wọ bàálù ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo déédéé, wọ́n á fún un ní káàdì. Tí káàdì náà bá ti di góòlù, bí bàálù tilẹ̀ kún, wọ́n gbọ́dọ̀ wá àyè fún un. Ilé-iṣẹ́ méjì ló ń ná ọ̀nà ibi táwọn ọmọ rẹ̀ wà. Ọ̀kan ń ka owó téèyàn ná. Èkejì ń ka iye ìgbà téèyàn wọ bàálù, ó sì gbọ́dọ̀ pé ọgbọ̀n láàárín ọdún kan.

"Èyí tó ń ka owó, tàwọn sẹ́nétọ̀ ni," Ìyá Òkìkí sọ. "Kọ orúkọ mi sí èkejì."

"Mà, bàálù tiwọn kì í lọ tààrà o. Wọ́n á yí yín káyé."

"Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì, mi ò rí ibì kankan níbẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n yí mi ká."

Láti ọjọ́ náà ni àtẹ kan ti wà lára ògiri pálọ̀ wọn, bíi ti kíláàsì. Nígbà tí Òkìkíọlá pè láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù pé ìyàwó òun ti lóyún, Bàbá Òkìkí kígbe Halelúyà. Ìyá Òkìkí mú bírò.

"Oṣù wo ló máa bí?"

"Oṣù Kẹsàn-án, Màmá."

Ó wo àtẹ rẹ̀. "Ó bọ́ sínú ọdún káàdì. Ọmọ tó mọ ìṣirò nìyẹn."

Wọ́n ń ka bàálù tó ń gbé èèyàn láti Àkúrẹ́ lọ sí Èkó náà. Nítorí náà, ìyàwó á fò, ọkọ á fi mọ́tò gbé iṣu àti èlùbọ́ gba ojú títì lọ bá a.

"Ṣé èmi náà ò lè wọ̀ ọ́ ni?" Bàbá Òkìkí bi í.

"Ẹ má bínú, Bàbá Òkìkí. Tiyín ò sí nínú kíkà."

Nígbà kan tí bàálù Àkúrẹ́ ò lè gbéra, wọ́n fi bọ́ọ̀sì kó èrò lọ. Àwọn yòókù ń bú wọn. Ìyá Òkìkí kọ lẹ́tà: bọ́ọ̀sì náà gbéra, ó sáré, ó sì gúnlẹ̀, kí wọ́n kà á. Wọ́n kà á.

Nígbà tí oṣù Kọkànlá ń parí lọ, ó ku méjì kó pé ọgbọ̀n. Fúnminíyì ti tún lóyún, oṣù Kejì ni wọ́n ń retí ọmọ. Ìyá Òkìkí wọ bàálù láàárọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ sí Èkó, ó jókòó sí pápákọ̀, ó jẹ àkàrà tó gbé láti ilé, ó sì wọ èyí tó ń padà. Ará Ọ̀kà kan rí i níbẹ̀.

"Mà, kí lẹ wá ṣe l'Ékòó?"

"Mo wá balẹ̀ ni."

Lọ́jọ́ kọkàndínlógún oṣù Kejìlá, ọkọ Fúnminíyì pè láàárọ̀. Ọmọ ti dé, olóṣù méje. Inú àpótí gíláàsì ni wọ́n gbé e sí. Ìyá ọmọ ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Hámzàt ní kò sí àyè nínú bàálù kankan títí di Jánúárì. Ìyá Òkìkí gba fóònù, ó pe ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

"Lucy Dáramọ́lá lórúkọ mi," ló sọ. "Góòlù ni mí."

Bàbá Òkìkí ní òun ò tíì gbọ́ kí ọba kan pe oyè ara rẹ̀ báyẹn rí. Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ ti wà lójú òfurufú pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n sìnkú Ìyá Òkìkí. Ẹ̀rín ló gba inú ṣọ́ọ̀ṣì. Díákónì sọ ti bàálù mẹ́ta, Hámzàt wá láti Ìkàrẹ́ sọ ti lẹ́tà bọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà ni Fúnminíyì dìde, ó gbé ọmọbìnrin rẹ̀ tó ti pé ọdún mẹ́ta dání.

"Ọjọ́ kẹta tí mo bímọ ni Màmá wọlé," ló sọ. "Mo rò pé wọ́n máa sọ̀rọ̀, ẹ ṣáà mọ Màmá. Báàgì wọn ni wọ́n gbé sílẹ̀. Wọ́n wo ọmọ, wọ́n jókòó, wọ́n di ẹsẹ̀ mi mú, wọ́n sì sùn lọ. Wọ́n ń hanrun débi pé nọ́ọ̀sì wá jí wọn. Mo ní, 'Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn.' Ìgbà yẹn lèmi náà wá ráyè sunkún."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí ti ìhanrun náà, jẹ́jẹ́. Bàbá Òkìkí mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ìyàwó rẹ̀ nítorí rẹ̀, pé kò jẹ́ kí òun sùn. Láti ọjọ́ tó ti dákẹ́, Bàbá Òkìkí kò tíì rí oorun sùn.