Páìpù Ìpọntí Nínú Omi Ẹja

Ọgbà onígi kan ló pín ẹ̀yìn ilé mi àti ẹ̀yìn ilé Milisav níyà, ó sì ti wó níbi méjì láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Nítorí náà, kò sí ohun tí Milisav ṣe lẹ́yìn ilé rẹ̀ tí n kò rí. Ẹ má pè mí ní alátojúbọ̀. Ẹni tí fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀ bá kọjú sí ilé ẹlòmíràn, kí ló fẹ́ ṣe, ṣé kó máa dijú fọ abọ́ ni?

Iṣẹ́ àtúnṣe pọ́m̀pù ni Milisav fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe, nílé iṣẹ́ ṣúgà tó wà nísàlẹ̀ odò, kí wọ́n tó tì í pa. Ọkùnrin gíga ni, ó máa ń tẹ̀ síwájú díẹ̀ bó bá ń rìn, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í dilẹ̀. Lẹ́yìn tí Stanojka ìyàwó rẹ̀ kú, ó tún gbogbo ohun tó wà nínú ilé ṣe tán, títí kan àwọn tí kò bàjẹ́. Mo bá a lọ́jọ́ kan tó ń tú aago ògiri palẹ̀, aago tó ń ṣiṣẹ́ geere. Mo bi í pé kí ló ṣe é. Ó ní kò ṣe nǹkan kan, òun kàn ní kí òun wo inú rẹ̀ ni.

Ognjen ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Austria ló wà, níbi tó ti ń bá wọn kọ́lé, bíi gbogbo ọmọ wa. Lábúlé wa níbí, bí o bá rí ọ̀dọ́ mẹ́ta pa pọ̀ lójú títì, ó ní láti jẹ́ pé ọdún dé tàbí ẹnì kan kú. Ọ̀rọ̀ òkú ìyá rẹ̀ ló gbé òun náà wálé nígbà ìrúwé, kò sì padà títí ewé fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Gbogbo àsìkò yẹn ni òun àti bàbá rẹ̀ fi kọ́ nǹkan náà.

Báyìí ló ṣe rí. Wọ́n ri táńkì ike ńlá kan mọ́lẹ̀ dé ìdajì, wọ́n sì da ẹja odò tí a ń pè ní ṣaran sínú rẹ̀. Lókè táńkì yìí ni wọ́n to àwọn àpótí onígi sí, wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ kún inú wọn, inú òkúta náà ni wọ́n sì gbin ẹ̀fọ́ sí, láìsí iyẹ̀pẹ̀ rárá. Pọ́m̀pù á fa omi tí ẹja ti yàgbẹ́ sí lọ sókè, ẹ̀fọ́ á jẹ ohun tó wà nínú rẹ̀, omi á tún dà padà sọ́dọ̀ ẹja ní mímọ́. Wọ́n wá fi ọ̀rá bo gbogbo rẹ̀ bí ilé. Nígbà tí Ognjen ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mo ní ṣé ìgbẹ́ ẹja ló fẹ́ kí n máa jẹ lọ́jọ́ ogbó mi.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àǹtí Rosanda, èwo lẹ ti ń jẹ látọjọ́ yìí, ṣé ìgbẹ́ màálù kọ́?”

Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín nínú ilé wọn láti ìgbà tí Stanojka ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Bàbá àti ọmọ á máa jiyàn lórí ìdérí páìpù láti àárọ̀, wọ́n á sì jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n á jọ máa jẹ búrẹ́dì àti àlùbọ́sà, ẹnu wọn ò ní dákẹ́. Dragutin, tó ń tajà ní ìkóríta, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà béèrè lọ́wọ́ Milisav bóyá ó ti kọ́ àwọn ẹja náà ní àdúrà alẹ́. Milisav á ní kí ó wọlé wá kọ́ wọn fúnra rẹ̀, nítorí wọ́n gbọ́n jù ú lọ.

Nígbà tó di ìgbà ìwọ́wé, ọ̀gá Ognjen ránṣẹ́ pè é. Ibi ọgbà tó wó yẹn ló dúró sí tó ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, àpò rẹ̀ ní èjìká, èmi náà sì ń ká aṣọ lórí okùn. Ó ní bí òtútù bá dé, kí bàbá òun má fún ẹja lóúnjẹ mọ́, àwọn ẹja á lọ sùn sí ìsàlẹ̀ omi fúnra wọn. Kó ṣáà máa wo pọ́m̀pù kó má dákẹ́, kó sì rí i pé ihò kan wà lójú yìnyín tí èémí á máa gbà.

“Ẹ má ṣe nǹkan míì, Bàámi,” ló wí. “Bí wọ́n bá la òtútù yìí já, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe níbí nìyẹn. Màá kó ẹrù mi wálé, a ó jọ kọ́ méjì sí i.”

Milisav di ọwọ́ rẹ̀ mú títí bọ́ọ̀sì fi dé. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹja náà kì í ti í ṣe ọ̀rọ̀ ẹja mọ́. Gbogbo wa lábúlé la mọ̀ pé bí ẹja bá yè, ọmọ á wálé. Bí ẹja bá kú, Milisav á máa dá nìkan tú aago palẹ̀ títí yóò fi kú.

Ẹ má ṣe nǹkan míì. Ṣé Milisav ni wọ́n ń bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn?

Atẹ́gùn òtútù tí a ń pè ní kòṣáfà tètè dé lọ́dún náà. Ó fẹ́ títí ọ̀rá ilé ẹja fi ń pariwo bí aṣọ tí wọ́n ń gbọ̀n, lẹ́yìn rẹ̀ ni yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Milisav kó koríko gbígbẹ yí táńkì ká. Nígbà tíyẹn ò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó kó àwọn kùbùsù olówùú Stanojka jáde, èyí tí obìnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán, ó fi wé táńkì. Inú bí mi. Mo ní irú ẹ̀gbin wo lèyí. Ó ní Stanojka ìbá fúnra rẹ̀ wé e ni. Òótọ́ ló sọ.

Àmọ́ ohun tí Milisav kò lè fara dà ni pé àwọn ẹja náà ò mira. Wọ́n kó ara wọn jọ sí ìsàlẹ̀ omi, wọ́n dúdú, wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ohun tí Ognjen ní wọ́n máa ṣe náà ni wọ́n ń ṣe. Ẹ̀fọ́ pàápàá dúró lójú kan, kò gbó, kò dàgbà. Milisav á jókòó ti omi náà, á na ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí wọn, bí ọ̀kan bá mira díẹ̀, òun náà á mí kanlẹ̀. Ó sọ fún mi pé bí Stanojka ṣe sùn nìyẹn ní ọ̀sẹ̀ tó lò kẹ́yìn, tí àwọn dókítà ń sọ pé oorun ni.

Ibẹ̀ ló ti rántí ìkòkò ìpọntí. Ilé wo ni kò ní in lábúlé wa? Tí a bá ti pọn ọtí rakíyà tán lára èso plọ́ọ̀mù, ó di inú àká, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ti Milisav dàgbà jù ú lọ, bàbà pupa gidi ni, pẹ̀lú páìpù rẹ̀ tó lọ́ yípo yípo tí ọtí máa ń gbà jáde. Ó yọ páìpù yìí, ó fi omi kíkan inú àgbá kábéèjì fọ̀ ọ́ bí a ṣe máa ń fọ̀ ọ́, títí ó fi pọ́n tó ń dán bí òrùka tuntun. Ó rì í sínú omi ẹja, ó gbé ààrò irin kékeré kan kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì, ó sì ń jẹ́ kí omi gbígbóná láti orí ààrò máa gba inú páìpù náà yípo. Ọgbọ́n tó dá yẹn dára lójú. Mo tilẹ̀ pe Dragutin wá wò ó.

Dragutin ló béèrè bóyá bàbà ò ní ṣe ẹja ní nǹkan kan.

“Bàbá mi fi gbogbo ayé ẹ̀ mu ohun tó ń gba inú páìpù yìí jáde,” ni Milisav fi dá a lóhùn. “Igi ló wó lù ú tó pa á.”

A rẹ́rìn-ín. A sì gbà á gbọ́, kí n má purọ́. Láti kékeré la ti mọ̀ pé irin máa ń ba ọtí jẹ́, pé ike máa ń mú un rùn, àmọ́ bàbà kì í ba nǹkan kan jẹ́. Ọkùnrin abúlé wa lè ṣiyè méjì nípa àlùfáà, kò ní ṣiyè méjì nípa ìkòkò ìpọntí rẹ̀.

Omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, àwọn ẹja sì jí. Wọ́n gòkè wá, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ kiri, wọ́n ń gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀fọ́ yọ ewé tuntun. Milisav bu díẹ̀ wá fún mi nínú abọ́, nígbà tí gbogbo oko funfun báláú, mo sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú iyọ̀ níbi tí mo dúró sí. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó ti ń sọ pé lọ́jọ́ Nikola Mímọ́, ẹni mímọ́ tí ilé wọn ń ṣọdún fún, ẹja ọwọ́ òun lòun máa fi ṣe àlejò, àti pé Ognjen lòun máa gbé àbẹ́là fún kó tàn án, kí ó di onílé. Nígbà tí ọmọ náà pè lórí fóònù, Milisav kàn sọ pé òun ti fi aṣọ bo táńkì ni. Kò dárúkọ páìpù, ó fẹ́ kí ọmọ fojú ara rẹ̀ rí i.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan yí padà. Àwọn ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹnu sójú omi, wọ́n ń lanu, wọ́n ń panu dé bí ẹni tí kò rí èémí mí. Ara wọn ń yọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tó kọ́kọ́ kú, Milisav sin ín sábẹ́ igi plọ́ọ̀mù, kò jẹ́ kí ológbò jẹ ẹ́. Ó ní òtútù ló ṣì wà lára wọn. Ó kó igi sí i. Bí wọ́n ṣe ń kú ló ń koná mọ́ wọn, bó ṣe ń koná mọ́ wọn ni wọ́n ń kú. Mo máa ń rí èéfín láti ojú fèrèsé mi, ọkàn mi á sì bàjẹ́. Ó lọ gé igi ápù tí Stanojka gbìn, ó fi dáná fún wọn. Nígbà tí ọdún Nikola kù sí dẹ̀dẹ̀, kò sí ẹyọ kan mọ́ nínú omi yẹn.

Ognjen dé ní àárọ̀ ọjọ́ ọdún. Kò tíì bọ́ kóòtù tó fi gba ẹ̀yìn ilé lọ. Èmi ti ń bá wọn se ẹ̀wà nínú ilé ìdáná, mo sì tẹ̀ lé e. Ó ká ọ̀rá sókè, ó wo omi tó ṣófo, ó na ọwọ́ sínú rẹ̀, ó fọwọ́ kan páìpù náà. Àwọ̀ ewéko ti mú un lára. Ó fi àtàǹpàkò nù ún, ó wo àtàǹpàkò náà pẹ́. Mo ní kí ló dé. Ó ní bàbà ló pa wọ́n, pé ó máa ń yọ́ sínú omi, ẹja kì í sì í lè gbé inú rẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún bàbá òun.

Ẹja tí Milisav rà wá láti ìlú la jẹ. Gbogbo àlejò ló mọ̀, títí dórí Dragutin. Lọ́jọ́ ẹni mímọ́ ilé ẹni, onílé kì í jókòó; ìdúró ló máa wà, tí á máa gbé àwo, tí á máa bu ọtí, títí àlejò tó gbẹ̀yìn á fi lọ. Milisav dúró bẹ́ẹ̀ láti ọ̀sán, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ìgò lọ́wọ́. Fúnra rẹ̀ ló tan àbẹ́là. Kò na ṣáná sí Ognjen, Ognjen náà ò sì na ọwọ́.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Milisav bi ọmọ rẹ̀ lójú gbogbo wa pé kí ló rò pé ó pa ẹja àwọn.

Ognjen wo inú àwo rẹ̀. “Òtútù ni, Bàámi,” ló wí. “Ibí yìí tutù jù fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi yín.”

Milisav ní ó dáa. Ó tún bu ọtí fún un.

Ilẹ̀ mọ́, Ognjen wọ bọ́ọ̀sì lọ. Inú mi ò gbà á. Mo rò pé kò dára kí ènìyàn máa bá Ọlọ́run àti òtútù jà nítorí ohun tí wọn kò ṣe, kó má sì mọ ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gan-an. Mo wọ bàtà, mo gba ibi ọgbà tó wó wọlé tọ Milisav lọ, láti sọ òtítọ́ fún un kó lè tún un ṣe. Ó wà nínú yàrá, ó dúró ti tábìlì tí abọ́ àná ṣì wà lórí rẹ̀. Páìpù náà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ti yọ ọ́ kúrò nínú omi, ó sì ti nù ún gbẹ.

“Milisav,” ni mo wí, “òtútù kọ́ ló pa wọ́n.”

“Mo mọ̀,” ló wí. “Mo rí i láti ojú fèrèsé nígbà tó ń nu páìpù. Mo rí ojú ẹ̀.”

Mo bi í pé kí ló wá dé tí kò fi sọ̀rọ̀ nídìí tábìlì, nígbà tí ọmọ ń purọ́ fún un.

“Bó bá sọ pé páìpù ni, a ó yọ páìpù, a ó da omi nù, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Yóò ní láti padà wálé nìyẹn.” Ó wo ojú fèrèsé, síbi ọ̀rá tí atẹ́gùn ń gbọ̀n. “Òtútù ló wá yàn, Rosanda. Ta ló lè yọ òtútù kúrò níbí?”

Mo ní kí ó jókòó. Ó ní àlejò ṣì wà nílé. Mo sọ fún un pé èmi kì í ṣe àlejò, pé àlejò tó gbẹ̀yìn ti lọ. Ó wo àga Ognjen, ó sì jókòó.