Àgádágodo Ọjọ́ Àìkú

Bí ẹ bá fẹ́ kí àyà Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ já, ẹ má wulẹ̀ yọ igi sí i. Ẹ kàn sọ fún un pé ẹ ń bọ̀ wá kí i nílé. Bẹ́ẹ̀ èèyàn dáadáa ni. Kò bá ẹnikẹ́ni jà rí ní gbogbo àdúgbò, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ó sọ̀rọ̀ òun láìdáa, nítorí kì í sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni rárá. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ló ń ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ó bá lọ ṣẹ́ẹ̀tì tán, ọrùn rẹ̀ á dúró ṣánṣán bí ẹni pé ẹni tó ni ín ṣì wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ alágbàfọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí kò fẹ́ ariwo. Láti àárọ̀ ni àwọn oníbàárà ti ń wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Eléyìí ní kí ó bá òun yọ àbàwọ́n epo, tọ̀hún ń ròyìn ìyàwó rẹ̀, ẹ̀kẹta kò mú aṣọ kankan wá, ó kàn gbé ẹnu rẹ̀ wá ni. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ á máa rẹ́rìn-ín, á máa mi orí. Tó bá fi máa di ọjọ́ Sátidé, ẹ̀rín náà á ti máa dùn ún ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kì í ṣe aṣọ ló ń rẹ̀ ẹ́, èèyàn ni.

Oníbàárà kan gbà á níyànjú lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ máa yà sọ́dọ̀ èèyàn o. Àbí ẹ ò mọ̀ pé èèyàn laṣọ?"

"Mo mọ̀," ni Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ fèsì, tòun ti áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́. "Ṣùgbọ́n aṣọ tí èèyàn kì í bọ́, ṣé kò ní í rùn ni?"

Oníbàárà rẹ́rìn-ín títí. Ó rò pé àwàdà ni.

Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń wá kí i nílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Òun ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Òun ló pọ̀n ọ́n, òun ló bọ́ ọ, òun náà ló sì máa ń gbẹnu sọ fún un níbi tó bá yẹ kó ti la ẹnu, nítorí obìnrin náà lè sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kí itọ́ má tán lẹ́nu rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, á sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, á fẹsẹ̀ rin ọ̀nà tó kù, á sì ti bẹ̀rẹ̀ ìròyìn kó tó bọ́ bàtà. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ràn bíi tirẹ̀ láyé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú yìí kan náà ni ọjọ́ tó ní láti fi gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Ibi tí àgádágodo ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Yàrá rẹ̀ ní ilẹ̀kùn méjì. Ti iwájú ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ayálégbé ń gbà kọjá, ti ẹ̀yìn ṣí sí àgbàlá tó ń sá aṣọ sí. Ní ọjọ́ Àìkú kan tí ọ̀sẹ̀ ti lọ̀ ọ́ kúnná, ó ti ilẹ̀kùn iwájú láti ìta, ó kọ́ àgádágodo ńlá sí i, ó gba ẹ̀yìn wọlé, ó pa fóònù. Ẹ̀gbọ́n dé, ó rí àgádágodo, kò kan ilẹ̀kùn. Ó jókòó díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì abẹ́ fèrèsé, ó sì lọ. Ojú ti Ọ̀gá Jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ yẹn dùn mọ́ ọn ju oyin lọ. Ó kó ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ jáde, ó ń lọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni kò bi í ní nǹkan kan.

Nígbà tó yá, ó di àṣà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ti rí ọgbọ́n pín ọjọ́ Àìkú: ọ̀sẹ̀ kan fún ẹ̀gbọ́n, ọ̀sẹ̀ kan fún òun. Bí ẹ̀gbọ́n bá bi í pé níbo ló lọ, á ní òun lọ gbé aṣọ fún oníbàárà kan. "O ṣeun, ọkọ mi," ni ìyẹn á wí, á sì máa bá ìròyìn rẹ̀ lọ. Ọgbọ́n àgbọ́njù ni, bí ẹ bá bi mí.

Ní ọjọ́ Àìkú tí mò ń sọ yìí, ọ̀sẹ̀ Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ni. Ó ti ń lọ aṣọ nínú ilé nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ń wọ́ nílẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Tíṣà, ayálégbé tó fẹ̀yìn tì, tí yàrá rẹ̀ àti ti Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ kọjú síra, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàsán mà. Ó jọ pé ọ̀gá ò sí nílé lónìí náà."

"Mo rí i, Tíṣà. Ẹ jẹ́ kí n fìdí lélẹ̀ díẹ̀." Bẹ́ǹṣì dún. "Ojú mi yìí ni, kò ríran dáadáa mọ́. Ọmọ mi obìnrin ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, pé òun ò lè fi èmi nìkan sílẹ̀ mọ́. Ìdájí ọ̀la lọkọ̀ á gbéra. Ọ̀nà náà jìn, mi ò sì rò pé mo tún lè padà rìn ín. Mo ní kí n wá fojú kan àbúrò mi."

"Háà! Ẹ dúró dè é mà, kò ní í pẹ́ẹ́ dé."

"Màá dúró díẹ̀."

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ dúró gbagidi. Bó bá jáde, àṣírí tú. Báwo lèèyàn ṣe ń jáde látinú ilé tí àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀? Bó bá sì dákẹ́, ẹ̀gbọ́n á dìde, á lọ, ó sì lè jẹ́ pé wọn ò tún ní í rí ara wọn mọ́ nìyẹn. Òórùn ló ta á jí. Áyọ́ọ̀nù ti jó ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ tábìlì. Ó yọ ọ́ kúrò níná, ó sì sáré gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, ó la àgbàlá kọjá, ó yí gba ojú títì wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tó ti ìrìnàjò dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ṣé ẹ ti pẹ́?"

Tíṣà wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò wọ bàtà. Tíṣà húkọ́, ó rántí pé òun gbé omi kaná, ó wọlé lọ.

"Káàbọ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Jókòó, o ti rìn jìnnà."

Ó jókòó. Ó gbìyànjú láti pa irọ́ oníbàárà, irọ́ náà kò jáde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, inú ilé ni mo wà."

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ta ló ń ti ilẹ̀kùn níta tó ń lọ aṣọ nínú ilé? Mo máa ń gbọ́ bí o ṣe ń gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. Tòní gan-an, o ti jó nǹkan."

"Kí ló dé tẹ́ ò pè mí?"

"Kí n pè ọ́ torí kí ni? Àbí òní ni mo mọ̀ ọ́? Nígbà tó o wà ní kékeré, bí àlejò bá ti dé, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì la ti ń bá ọ. Mo kàn máa ń jókòó síbí. Bí mo bá ti gbọ́ pé o wà láàyè níbẹ̀, tó ò ń ṣe iṣẹ́ rẹ, ara mi á balẹ̀, màá máa lọ sílé."

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ sunkún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀ kò sọ nǹkan kan mọ́. Wọ́n jókòó pọ̀ títí oòrùn fi rọlẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ń dìde, ó gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́.

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́ o. Èmi máa ń gbọ́ tìrẹ láti ìta. Àwọn yòókù ò lè gbọ́."

Ẹ̀gbọ́n lọ ní ìdájí ọjọ́ kejì. Nígbà tí ọjọ́ Àìkú padà dé, Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ṣí ilẹ̀kùn iwájú gbayawu, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ní ìdákẹ́jẹ́ tó tó fún un, ó tún ṣẹ́kù, kò sì rí adùn kankan nínú rẹ̀. Tíṣà ń kọjá lọ sí yàrá rẹ̀, ó kí i pé, "Ẹ kúulé o."

"Ẹ káàbọ̀," ni Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ wí. Ó fẹ́ sọ ohun kan sí i. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa jáde lẹ́nu rẹ̀, Tíṣà ti wọlé, ó ti pa ilẹ̀kùn dé.

"Ẹ wá jókòó," ni Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ wí fún ọ̀dẹ̀dẹ̀.