Ọwọ́ Ọ̀tún Argyris

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ Stamatia, ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Bó jókòó, á tún dìde. Àmọ́ lọ́dún tí a fẹ́ hú egungun ọkọ rẹ̀, ó wá kọjá àfaradà.

Ní abúlé wa, òkú kì í pẹ́ nínú ilẹ̀. Bí ẹran ara bá ti rà tán, a ó hú egungun, a ó fi wáìnì fọ̀ ọ́, a ó sì gbé e sínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, kó máa retí ìpè àjíǹde. Argyris ọkọ rẹ̀ kò pé nínú sàréè. Nígbà tó ṣì jẹ́ àpọ́n, ẹ̀rọ tí a fi ń fún òróró ólífì gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ìyá rẹ̀ sin ọwọ́ náà sídìí igi kan lóko, ó sì kú láìsọ ìdí èyí tó jẹ́. Stamatia ní ọwọ́ yẹn gbọ́dọ̀ wọ inú àpótí.

Ló bá gbé ọkọ́. Ó gbẹ́ ìdí igi yìí, ó gbẹ́ ti ọ̀hún, oko wá dà bí ibi tí ẹlẹ́dẹ̀ tú. Evanthia, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ní kó rọra, kó má lọ hú ọwọ́ olè so mọ́ àbúrò òun. Àlùfáà náà wá pàrọwà fún un pé Ọlọ́run tó fi erùpẹ̀ mọ èèyàn kò ní wá ọwọ́ kan tì.

"Mo gbà bẹ́ẹ̀, Bàbá," ló fèsì. "Ṣùgbọ́n wọ́n ti gé e kó tó fẹ́ mi. Ọwọ́ yẹn ò gbá mi mọ́ra rí."

Ló bá tún ki ọkọ́ bọ ilẹ̀.

Ọjọ́ pé, kò rí ọwọ́. Egungun Argyris pọ́n bí ìda oyin, àmì rere ni lọ́dọ̀ wa, gbogbo wa sì ń yọ̀. Òun nìkan ló ń wo ibi tí ọwọ́ kò sí. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló sọ fún Evanthia, "bí mo bá kú, oko ni kí ẹ sin mí sí. Bí ìpè bá dún, màá kọ́kọ́ wá ọwọ́ náà kí n tó lọ bá ọkọ mi."

"Lọ́run náà, o ò ní jókòó?"

Stamatia kú nígbà òtútù tó tẹ̀ lé e. Àlùfáà ní ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọn ó sin ín sí. Evanthia kò jiyàn. Kí wọ́n tó dé pósí, ó tẹ́ ọkọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀, ó sọ sí i létí pé:

"Ìyàwó wa, ìdí igi etí kànga oko lo ò tíì gbẹ́."