Ọjọ́ tí Tìróò Ṣàn Lójú Mi ní Kétu

Ohun tó ń ba àgbàlagbà obìnrin lẹ́rù jù ní Èkó kì í ṣe ikú. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí òòyì kọ́ ọ, kí ó jókòó sí etí títì, kí ẹnì kan sì pariwo pé ẹyẹ ló já bọ́ láti orí wáyà iná tó di èèyàn. Mo ti rí irú rẹ̀ lórí fóònù ọmọ mi rí. Mi ò wò ó tán. Èmi tí mo lo ọjọ́ ayé mi nídìí kíkọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé, mo rò pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè kàn mí. Aṣọ ló gbé mi dé ibẹ̀.

Nígbà tí ọkọ mi kú, àbúrò rẹ̀ obìnrin wá kó àpótí aṣọ mi. Mo ju obìnrin náà lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí n tó wọ ilé wọn, nítorí náà Aunty ni mo ń pè é, Ìyàwó ni òun sì ń pè mí, kódà nígbà tí eyín ti ń ká lẹ́nu mi. Ó ní, “Ìyàwó, opó kì í fi ojú sí aṣọ aláràbarà. Jẹ́ kí n bá ọ tọ́jú wọn títí wàá fi ṣọ̀fọ̀ tán.”

Mo ní, “Ẹ ṣé, Aunty.” Kí ni mo tún fẹ́ wí? Ìyàwó kì í ja ọmọ ilé níyàn.

Nígbà tí mo bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, àpótí náà padà wálé. Ó fúyẹ́ débi pé ọwọ́ kan ni mo fi gbé e wọ yàrá. Kò pẹ́ sí i ni mo rí léèsì mi, aláwọ̀ èsè àlùkò, lára Aunty ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí pé bóyá mo ṣì í mú. Etí rẹ̀ ti ya rí, èmi fúnra mi ni mo rán an, òwú funfun ni mo sì fi rán an nítorí pé mi ò rí èyí tó bá a mu. Mo ń wo òwú funfun yẹn títí ìwàásù fi parí.

Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé léèsì tó gẹ́ẹ́. Fọ́tò ìyá mi kan wà ní pálọ̀ mi ní Ìkòsì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti yà á, nígbà tí ìyá mi ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ìyàwó. Ìró àdìrẹ ẹlẹ́kọ rẹ̀ dúró sí ìdajì ojúgun, bùbá rẹ̀ funfun, ọrùn rẹ̀ ṣe róbótó, ìborùn wà ní èjìká òsì, gèlè kékeré sì wà lórí, tí ó so sí ẹ̀yìn. Tìróò wà lójú rẹ̀. Kò sí ohun tó ń dán lára rẹ̀, síbẹ̀ ojú ẹni kì í fẹ́ kúrò níbẹ̀. Mo ní báyìí ni èmi náà yóò ṣe máa múra títí wọn yóò fi sin mí.

Mo gbé fọ́tò náà lọ bá aránṣọ àdúgbò wa, ọmọbìnrin kan tó máa ń fi etí kan gbọ́ orin, tó ń fi èkejì gbọ́ oníbàárà.

“Mummy, ṣé ká fi sípì sí ẹ̀yìn?”

“Rárá.”

“Stone ńkọ́? Díẹ̀ báyìí, ní àyà.”

“Ṣé o rí stone lára ẹni tó wà nínú fọ́tò yẹn?”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ah, Mummy, ẹ fẹ́ di sìsí ayé àtijọ́! Ẹ má gba ọkọ mọ́ wa lọ́wọ́ o.”

Mo kó àwọn gèlè mi tí wọ́n ti so sílẹ̀ fún èèyàn láti dé bíi fìlà, mo fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Mo tún gèlè síso kọ́ níwájú dígí. Àdìrẹ tí mo rà, òórùn aró ṣì wà lára rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lé tìróò, ti ojú òsì nípọn ju ti ọ̀tún lọ. Ṣùgbọ́n mo wo dígí, mo sì rí ìyá mi tó ti darúgbó, èyí tí òun fúnra rẹ̀ kò pẹ́ láyé tó láti rí.

Aunty wá kí wa, ó bá mi nínú aṣọ náà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló dúró sí, níwájú gbogbo ayálégbé.

“Ìyàwó! Ta lo fẹ́ fi ojú yẹn dẹ́rù bà? Aṣọ dúdú, ojú dúdú. Ojú ẹyẹ nìyẹn o! Àbí ohun tí mo ti ń fura sí látìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú…”

Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ó mọ̀ pé bí òun bá dá a dúró síbẹ̀, àwọn tó kù yóò bá òun parí rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá jáde, ìyàwó ayálégbé ẹ̀yìn á fa ọmọ rẹ̀ wọlé. Mo rò ó pé kí n nu tìróò náà kúrò. Mi ò nù ún. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù títì. Bí ẹyẹ bá bà sórí wáyà nígbà tí mo ń kọjá, ńṣe ni mo máa ń yára ẹsẹ̀.

Òjò ti rọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí. Mo ń ti Mile 12 bọ̀ pẹ̀lú tàtàṣé díẹ̀ nínú ọ̀rá, mo sọ̀ ní Kétu. Oòrùn yọ lójijì, ẹ̀jẹ̀ ríru mi sì gbé ìṣe rẹ̀ dé. Gbogbo títì ń yí. Mo rí búlọ́ọ̀kù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiransifọ́mà, mo jókòó lé e, mo di ojú. Nígbà tí mo là á, ẹsẹ̀ èèyàn ló yí mi ká.

“Mama, níbo lẹ ti wá?”

“Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níbí ni, kò sí ẹnì kankan!”

“Orí wáyà yẹn ni. Mo gbọ́ nígbà tó balẹ̀, gbì!”

“Ẹ wo aṣọ ẹ̀ náà. Ta ló ń wọ irú eléyìí mọ́ láyé?”

Mo fẹ́ sọ orúkọ àdúgbò mi. Ó sọ nù lẹ́nu mi. Èmi tí mo ti na ọmọ rí nítorí pé ó kọ̀ láti fọhùn ní kíláàsì, ahọ́n mi gan bí igi. Ẹnì kan fa ìborùn mi, ó já a gbà. Ni omi bá bọ́ lójú mi, omi yẹn ló fẹ́ pa mí.

“Yéè! Ẹ wo ojú ẹ̀! Ẹ̀jẹ̀ dúdú ló ń sun!”

Wọ́n sún sẹ́yìn, lẹ́yìn náà wọ́n sún mọ́ mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rí ọwọ́ tó ń wá òkúta nílẹ̀. Láàárín àwọn ẹsẹ̀ náà ni mo ti rí léèsì aláwọ̀ èsè àlùkò, àti òwú funfun ní etí rẹ̀.

Mo gbé ojú sókè, ojú èmi àti Aunty ṣe mẹ́rin. Ètè mi pè é, ohùn kò jáde. Ó rí i. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́ lẹ́nu rẹ̀, èyí tó ti fi ń rẹ̀ mí sílẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn. Ká ní ó lè ní “Ìyàwó wa ni,” gbogbo wọn ì bá túká. Ó gbé etí aṣọ rẹ̀ kúrò nínú ẹrẹ̀, ó sì yí padà.

Obìnrin alálùbọ́sà kan ló fi ìgbọ̀nwọ́ la àárín wọn kọjá, Alhaja kan tó sanra, tí tìróò wà lójú tirẹ̀ náà.

“Ta ní ń sun ẹ̀jẹ̀ dúdú? Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé orí yín pé? Tìróò lẹ ò mọ̀!” Ó fi àtàǹpàkò nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó fi í pa imú ọ̀dọ́mọkùnrin tó pariwo. “Ìwọ náà ti di ẹyẹ nìyẹn. Ó yá, fò!”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Òmíràn gbè é. Ẹ̀rín ló gbà mí, kì í ṣe ọgbọ́n mi. Alhaja jókòó tì mí nínú ẹrẹ̀, ó fi fóònù mi pe ọmọ mi, kò sì dìde títí ọmọ náà fi dé.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Aunty pàtẹ́wọ́ lójú gbogbo èèyàn. “Ìyàwó, mo gbọ́ o! Ọlọ́run ṣeun. Ká ní mo wà níbẹ̀ ni!”

Mi ò dá a lóhùn àìdáa rí. Mo ní, “Aunty, léèsì aláwọ̀ èsè àlùkò yẹn, ṣé ẹrẹ̀ Kétu ti jáde lára rẹ̀?”

Ó yí padà, ó lọ bá àwọn ẹlòmíràn. Kò tíì pè mí ní Ìyàwó láti ọjọ́ náà.

Mo ṣì ń wọ àdìrẹ mi, mo ṣì ń lé tìróò. Bí mo bá wà ní títì, tí omi bá fẹ́ dé ojú mi, mo máa ń gbé orí sókè gan-an bíi ti ìyá mi nínú fọ́tò, kí ó má bàa ṣàn. Ẹni tó bá rí mi lókèèrè á ní ìgbéraga ni. Ẹ̀rù ni.